Àwọn Bisikíìtì Tó Di Ara Wọn Lọ́wọ́ Mú

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó, bí ó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, fara ti àga dáadáa, nítorí ó gùn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní gbàgbé yàrá tí o háyà síbẹ̀ yẹn. Ìṣó rẹ kò ní tẹ̀, ayùn rẹ kò ní kú, ẹni tó bá ń wọn nǹkan fún ọ kò ní wọ̀n ọ́n kù. Àmín. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí bí mo bá gun àkàbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń gbé mi gun àkàbà kò pọ̀ mọ́, nítorí náà mo ka ìyẹn sí èrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ń kí ọ, ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ, àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń kí ọ. Èyí àbúrò ti yọ eyín iwájú kan, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sunkún. Ó sunkún díẹ̀.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ dé ní ọjọ́ Ajé. Ojú ìyá rẹ ni mo ti ṣí i, kí ó má baà sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. A rí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ ní àrà, ọ̀kan bí ìràwọ̀, ọ̀kan bí ilé, ọ̀kan bí ẹyẹ, ọ̀kan bí ènìyàn tó na apá rẹ̀ méjèèjì. A rí páúdà funfun nínú àpò kékeré kan, a rí ìgò tó tó ìka mi tí òórùn rẹ̀ dùn, a sì rí ìwé tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ, pé kí a fi àwọn irin yìí gé bisikíìtì oníṣúgà fún ìsinmi òpin ọdún, kí a jókòó jẹ ẹ́, pé yóò dà bí ẹni pé ìwọ náà wà lọ́dọ̀ wa, nítorí ó ṣeé ṣe kí ibi iṣẹ́ má jẹ́ kí o wálé lọ́dún yìí náà.

Ìyá rẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ká ìwé náà, ó sì fi í sábẹ́ ife. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe yẹ: ọdún tó kọjá jẹ́ ọ̀kan, èyí tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí kò sì tíì parí, nítorí náà méjì àti díẹ̀ ni. Ó wò mí títí. Ó ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n lọ kan ìṣó.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ bisikíìtì náà yọrí sí rere. Wọ́n lè máa sọ nǹkan mìíràn fún ọ lórí fóònù, pàápàá ẹ̀gbọ́n rẹ, má dá wọn lóhùn. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń gé pákó, n kò rí ìdí tí ìyẹ̀fun tí a fi bọ́tà pò yóò fi di ohun tí mi ò lè gé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí o fi sí àkáǹtì mi fún bọ́tà àti ṣúgà, ọjọ́ kejì gan-an ni mo lọ fún un. O rántí pé nígbà tí wọ́n fún mi ní káàdì, omidan tó wà ní báǹkì kìlọ̀ fún mi pé nọ́ńbà mẹ́rin kan wà fún un, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, ìbáà ṣe ìyàwó mi, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì fúnra rẹ̀, pé ẹni tó bá ti bi mí léèrè rẹ̀, olè ni. Mo di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin. Mo dé iwájú ẹ̀rọ tó ń pọ owó, mo fi káàdì sí i lẹ́nu, nǹkan àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó tún bi mí. Mo mọ̀ nígbà náà pé báǹkì fẹ́ dán mi wò ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu mi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo tẹ òdo mẹ́rin kí ó lè mọ̀ pé kò ní rí nǹkan kan gbà lẹ́nu mi. Ó bi mí nígbà mẹ́ta, mo fún un ní òdo nígbà mẹ́ta, ó sì gbé káàdì náà mì. Mo wọlé lọ bá omidan náà, mo ní mo ti yege, kí ó kó owó mi wá. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Bàbá, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ẹ lè sọ ọ́ fún, kì í ṣe ènìyàn. Mo bi í pé ṣé ohun tí kì í ṣe ènìyàn ló yẹ kí n wá máa tú àṣírí mi fún. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà fọkàn balẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ wà níbẹ̀ láìfarapa, kò sí ẹni tó lè mú un, èmi náà kò lè mú un.

Owó ara mi ni mo fi ra ohun gbogbo. Fúláwà jẹ́ 1,800, ṣúgà 1,200, bọ́tà 2,400, ẹyin mẹ́ta 600. Mo bi ẹni tó ń ta ẹyin pé ṣé kò ní jẹ́ kí n mú àwọn kéékèèké ní 450, nítorí inú ìyẹ̀fun ni wọ́n ń lọ, kò sí ẹni tí yóò rí wọn níbẹ̀. Ó ní ó ti yẹ kí n mọ̀ pé adìẹ òun kì í fi téèpù wọn ẹyin kí ó tó yé e. Mo san 600.

Nígbà tó yá mo jókòó ti fóònù láti wo obìnrin tí o fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ń ṣe bisikíìtì. O ti sọ fún mi pé wíwo àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ dátà, nítorí náà mo yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá kí ó lè jẹ ìdajì. Ojú lásán ni mo fi wò ó. Mo wo aago ara ògiri: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yóò fi di ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó ti gbé bisikíìtì mẹ́rìnlélógún kúrò nínú iná, ó sì ti tò wọ́n sí àwo. Mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ó di 360 ní wákàtí kan, bí ó bá sì ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ yóò ṣe 2,880, láìsinmi, aṣọ rẹ̀ kò sì dọ̀tí. Mo pe ìyá rẹ kó wá wo bí àwọn obìnrin kan ṣe ń yára. Ó ní tí ó bá jẹ́ pé obìnrin yẹn ni mo fẹ́ fẹ́, kí n wọ inú fóònù lọ bá a.

Ìwé rẹ ni mo tẹ̀lé láti pò ó. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí o ti kọ ọ́, àfi ibì kan ṣoṣo. O kọ ọ́ pé kí n fi ìlàjì ṣíbí kékeré nínú páúdà inú àpò yẹn sí i. Mo wò ó pé bí a bá ti já àpò tí a mú ìlàjì ṣíbí níbẹ̀, atẹ́gùn yóò wọ ìyókù, yóò bàjẹ́, owó rẹ yóò sì ṣòfò. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i. Ó dà bí iyọ̀, n kò sì rò pé ó lè ṣe nǹkan pàtàkì kan.

O ní kí a jẹ́ kí ó sinmi fún wákàtí kan. Èyí kò ṣòro fún mi láti lóye, nítorí pákó náà gbọ́dọ̀ sinmi kí a tó gé e. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì mi nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ mímọ́ bò ó, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ má fi òòlù kan nǹkan kan títí wákàtí kan yóò fi pé. Oníbàárà kan dé tó fẹ́ gba fèrèsé, mo fi ọwọ́ ṣe fún un pé kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó bọ́ fìlà, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ta ló kú.

Ibi gígé ni mo ti fi hàn pé mo mọ iṣẹ́. Mo já ẹsẹ̀ àga ògbólógbòó kan, mo fá a dán, òun ni mo fi tẹ́ ìyẹ̀fun náà. (Àga yẹn ti di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó lé e kí n tó sọ fún un.) Mo to ọ̀pá pákó méjì tó nípọn ìdá mẹ́rin ínǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀, mo sì yí ẹsẹ̀ àga lórí wọn títí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba, o lè gbé ife omi lé e lórí kí ó má mì. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé bisikíìtì ni mo ń ṣe àbí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi sùúrù to àwọn irin náà bí mo ṣe máa ń to ilẹ̀kùn sórí pákó ńlá kí n tó gé e, ṣóńṣó ìràwọ̀ wọ abẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ, òrùlé ilé wọ abẹ́ apá ènìyàn, àjẹkù kò tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Nínú ìwọ̀n ìyẹ̀fun tí obìnrin inú fóònù ti gé mẹ́rìnlélógún, èmi gé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó fi méje lé tirẹ̀.

Mo rò ó pé kí ni kí n fi méje tó lé ṣe. Mo ka ilé wa: èmi, ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì, àti ìwọ. Méje géérégé. Mo ní kí àwọn méje náà jẹ́ ènìyàn, mo sì fi ẹnu ìṣó kékeré fa àmì sí wọn lára. Mo fi pẹ́ńsù sí etí tèmi. Mo wé aṣọ sí orí ìyá rẹ. Mo yọ eyín kan fún àbúrò. Ìwọ ni mo gbé báàgì kọ́ léjìká, nítorí bí mo ṣe rí ọ kẹ́yìn ní ibùdókọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ní ààrò búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ òpópónà, Ìyá Oníbúrẹ́dì tí o mọ̀, gbà kí a lo ààrò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kó búrẹ́dì òwúrọ̀ jáde. Ó ní 250 ni páànù kan. Obìnrin inú fóònù lo páànù mẹ́rin, mo rí i, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn bí ẹni tó ní owó àpọ̀jù. Èmi lo méjì. Mo to ìràwọ̀, ilé àti ẹyẹ sí ọ̀kan, mẹ́jọ mẹ́jọ, mo sì to àwọn ènìyàn sí èkejì, ẹ̀gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fún wọn pọ̀ bí pákó àjà. Ìdí mi rèé: pákó tútù tó bá rí iná, súnkì ló máa ń súnkì. Mo ti rí ilẹ̀kùn tó súnkì títí tí ológbò fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo wá wò ó pé ìyẹ̀fun pípò tútù ju pákó lọ, yóò súnkì, àyè yóò sì yọ láàárín wọn fúnra rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo páànù, ó wò mí, ó bi mí pé ṣé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n jìn síra díẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kí oníṣẹ́ kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó dáa, káfíńtà. Ó wá àpótí, ó jókòó, ó mú abẹ̀bẹ̀.

Ìwé rẹ ní ìgbóná ààrò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgọ́sàn-án. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe láìwọ̀n ọ́n. Mo lọ yá òṣùwọ̀n ibà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n máa ń fi sí abẹ́ apá. Ó bi mí pé ta ni ara rẹ̀ gbóná, mo ní ààrò. Mo wo òṣùwọ̀n náà, mo rí i pé méjìlélógójì ló parí sí, mo sì ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé kò séwu, méjìlélógójì lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 168, ó ku méjìlá, nítorí náà bí mo bá fi sí ààrò lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí mo tún fi díẹ̀ kún un, iye rẹ̀ yóò pé. Nọ́ọ̀sì gba òṣùwọ̀n rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí èmi jókòó kí òun yẹ ìfúnpá mi wò. Ìfúnpá mi dára. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wá bu fúláwà díẹ̀ sọ sí ilẹ̀ ààrò, ó kà dé ogún, fúláwà náà pọ́n, ó ní ó ti tó.

A gbé wọn sí i. Mo ti rí i pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni obìnrin inú fóònù fi wọ́n sínú iná, nítorí náà mo dúró sẹ́nu ààrò pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, mo sì ní kí ìyá rẹ má lọ jìnnà. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò jẹ́ kí n ṣí i. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó ti ń lọ sí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n rẹ gba àlàfo ilẹ̀kùn ààrò yọjú wo inú rẹ̀, ó ní Bàbá, wọ́n ń bọ̀. Mo bi í pé àwọn wo ló ń bọ̀. Ó ní bisikíìtì.

Ọmọ mi, wọn ò súnkì. Wọ́n wú. Ìràwọ̀ wọ inú ilé, ilé gun ẹyẹ, gbogbo mẹ́rìnlélógún di pákó kan ṣoṣo, ó kún páànù dé etí, ó tún yọrí jáde díẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi abẹ̀bẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní káfíńtà, ẹ ti ṣe ilẹ̀kùn. N kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ sáré lọ mú ayùn eléyín wẹ́wẹ́ wá, mo fi rúlà fa ìlà, mo sì rẹ́ ẹ sí onígun mẹ́rin mẹ́rìnlélógún tó dọ́gba, o ò ní rí èyí tó tóbi ju èkejì lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lá lẹ́búlẹ́bú abẹ́ ayùn tán, nǹkan kan kò ṣòfò. Ìyá Oníbúrẹ́dì jẹ méjì, ó jẹ ẹ̀kẹta. Ó ní òun kò ní gba owó páànù kejì bí mo bá da ìwé rẹ kọ fún òun. Mo dà á kọ, ṣùgbọ́n mo san 500 pé, nítorí mi ò fẹ́ kí ó máa sọ ọ́ káàkiri pé òun gbà mí.

Nítorí páànù kejì ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹni mẹ́fà ló gba orí ìlà náà. Ìwọ ẹlẹ́ẹ̀keje kò rí àyè, mo sì gbé ọ sí igun páànù lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ ṣùgbọ́n tí ó jìn sí i díẹ̀. Kí a tó gbé e sínú iná ni ìyá rẹ ti rí i. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ẹni yẹn sílẹ̀ lóun nìkan. Mo ní páànù ló kéré. Nígbà tí a wá gbé e jáde, àwọn mẹ́fà ti wú wọ ara wọn lápá, gbogbo wọn di ara wọn lọ́wọ́ mú, kò sí ibi tí mo lè fi ayùn sí láìgé ọwọ́ ẹnì kan. Ìwọ náà sì wú láti igun rẹ. Apá rẹ ọ̀tún gùn, ó kọjá àyè tó wà níbẹ̀, ó kan etí aṣọ ìyá rẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ rẹ kan yọ síta páànù, ó jóná díẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ tí o fi ń rin ìgboro nìyẹn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí etí páànù tó ṣì gbóná, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan eléyìí. Ó ní ẹni tí kò sí nílé ló máa wá fọwọ́ ara rẹ̀ ya á.

Mo kan àpótí pẹlẹbẹ fún un, mo fi gíláàsì tó kù lára fèrèsé oníbàárà bò ó lójú. Ó wà lórí tábìlì ní yàrá ìjókòó. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ọjọ́ méjìlá ni irú rẹ̀ lè fi wà kí ó tó dẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ. Ó ku mẹ́jọ.

Mo wá rántí àwòrán fọ́ọ̀mù ìsinmi tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o ní kí n wò ó, pé ọ̀gá rẹ kò tíì fọwọ́ sí i, pé ó ní ìdí tí o kọ síbẹ̀ kò lágbára. Mo gbé e lọ sí ilé kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní 50, mo sì ti bá ọ tún un kọ. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìdí, mo kọ ọ́ pé: ìyá rẹ̀ ń dúró dè é láti ya bisikíìtì kan tí ẹlòmíràn kò lè ya. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ mélòó, mo kọ mẹ́wàá, kí wọ́n lè já a sí méje. Mo rí apá kan nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ sí i pé ọ́fíìsì nìkan ni kó kọ nǹkan síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ní tábìlì, ó ní àga, ó ní ìwé tí mo ń kọ orúkọ oníbàárà sí, nítorí náà mo kọ gbogbo rẹ̀. Àyè kan tún ṣófo tí ó wà fún ìfọwọ́sí ọ̀gá. Mo bi ọ́ nígbà kan pé ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá rẹ, o ní kò ju márùndínlógójì lọ. Mo ju ìyẹn lọ dáadáa. Mo fọwọ́ sí i. Mú un fún un, kí o sì fi onígun mẹ́rin kan nínú bisikíìtì tí mo wé sínú bébà yìí tì í. Tó bá jẹ ẹ́, yóò rí i pé ìdí náà lágbára.

Ó wá ku owó tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo rà jẹ́ 6,000, ààrò jẹ́ 500, ó di 6,500. Owó ilé kọ̀ǹpútà, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Má fi sí báǹkì, ẹ̀rọ wọn ti gbé káàdì mì. Má fi rán awakọ̀, nítorí ó ní ìrántí òun kò dára bí owó bá wọ ọ̀rọ̀. N kò rí ọ̀nà mìíràn tí owó yẹn fi lè dé ọwọ́ mi àfi kí o fi ọwọ́ ara rẹ kó o wá. Mo bi awakọ̀ ní iye tí ó ń gbà láti ọ̀dọ̀ yín, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náà kúrò nínú 6,500. Ó ku 2,500, èyí tí wàá kà sí mi lọ́wọ́ níwájú ìyá rẹ. Nígbà tí mo ka ibí yìí sí i létí, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí, òun kò rí i rí kí n dín owó kù fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kì í ṣe pé mo dín in kù, ìṣirò ni.

Kí ọ̀nà tí wàá gbà dán bí pákó tí a fá lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọkọ̀ tí wàá wọ̀ má ní èyí tó tú nínú ìṣó rẹ̀. Bí o ti ń jáde lọ láàárọ̀, kí o máa rí ilẹ̀kùn tó ṣí, bí o bá sì ń bọ̀ wálé, kí o bá èyí tí a kò tì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí apá rẹ máa gùn dé ibi tó yẹ kó dé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ìyá rẹ máa ń ṣí gíláàsì yẹn láràárọ̀, á wò ó, á tún un bò. Láàárọ̀ yìí mo bá a níbẹ̀ tó ń nu ojú, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sunkún, fúláwà ló kó sí òun lójú. Fúláwà ti tán nílé wa láti ọjọ́ mẹ́rin.